Ìdajì Ọjọ́ Lórí Òkè Doi Suthep: Bí A Ṣe Ń Bẹ Tẹ́ḿpìlì Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà àti Abúlé Àwọn Hmong Wò Láìfi Àkókò Ṣòfò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gun òkè Doi Suthep ní ìlú Chiang Mai, ní àríwá orílẹ̀-èdè Thailand, láti lọ wo tẹ́ḿpìlì àti abúlé àwọn ẹ̀yà Hmong láàárín ìdajì ọjọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èrò nìkan ni wọ́n rántí pé àwọn rí. Wọ́n dé tẹ́ḿpìlì ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ilẹ̀ ti gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò ṣeé gbé lé e. Wọ́n dé abúlé nígbà tí amọ̀nà ti ń wo aago. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wọlé rárá, nítorí ṣòkòtò péńpé tí wọ́n wọ̀ láti hòtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi náà lọ, àwọn tí a sanwó fún láti mú wa káàkiri yà wá sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òkúta iyebíye. A lo ju wákàtí kan lọ níbẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ni ó sì ṣẹ́kù fún wa ní abúlé. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fi ìda gbígbóná fa ìlà sára aṣọ funfun. Ìlà kan ṣoṣo ni mo rí i kí ó fà tán kí wọ́n tó ké sí wa pé kí á wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ètò tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, mo sì ti fi mú àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni sáré.

Ibi mẹ́ta péré ni ìdajì ọjọ́ gbà, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀ léra ṣe pàtàkì: tẹ́ḿpìlì Wat Phra That Doi Suthep ní kùtùkùtù òwúrọ̀, abúlé Hmong tí ó wà ní Doi Pui lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà Wat Pha Lat, tẹ́ḿpìlì inú igbó, nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ààfin Bhubing tàbí ọgbà ẹranko kún un nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹn sí ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí ẹ nílò

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Ọkùnrin àti obìnrin ni ó gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. Wọ́n ń yá àlejò ní aṣọ ìró ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n ìró ìlú wa kan àti ìborùn kan nínú àpò dára ju aṣọ àyálò lọ, nítorí pé ìborùn náà yóò tún wúlò fún òtútù lórí òkè. Bàtà tí a lè bọ́ kí á sì tún wọ̀ kíákíá ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tí ó ní okùn gígùn. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kan dání pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí ẹ lè kó bàtà sí.

Owó baht kéékèèké ni kí ẹ mú: 20, 50 àti 100. Àwọn àlejò láti òkèèrè ń san owó ìwọlé díẹ̀ ní Doi Suthep, owó kékeré tún wà fún ọgbà òdòdó abúlé, àpótí ọrẹ sì wà níbi gbogbo. Ẹni tí ó bá mú baht 1,000 jáde láti ra kọfí ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ yóò da ọlọ́jà láàmú.

Ẹ tún mú omi, àánsíkà funfun kan (màá sọ ohun tí a fi ń ṣe tí a bá dé abúlé), àti atalẹ̀ tàbí oògùn èébì fún ẹni tí òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́. Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Fún àwọn tí ó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì, jẹ́ dandan láti wọ Thailand, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà. Físà ni ẹ ó tọrọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tí a ń pè ní TDAC ti rọ́pò ìwé pélébé tí a máa ń kọ nínú bàálù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó wọ̀lú ni ẹ ó kọ ọ́.

Ìpele 1: Yíyan ọjọ́ àti amọ̀nà

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ojú ọjọ́ dára jù lọ. Òtútù máa ń mú lórí òkè nígbà náà, ojú ọ̀run sì máa ń mọ́. Láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù kẹrin ni àwọn àgbẹ̀ ń sun oko, tí iná sì ń jó nínú igbó. Èéfín náà máa ń bo Chiang Mai mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tí ó dúró lórí òkè kò ní rí ìlú tí ó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á sì máa ta á. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ lọ lásìkò yẹn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá jẹ́ ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni òjò sábà máa ń rọ̀, nítorí náà òwúrọ̀ ṣì ṣeé lò.

Bí ẹ bá jí tí èéfín tàbí òjò sì ti gba òkè, ẹ má ṣe fi agídí gùn ún. Ẹ lọ sí tẹ́ḿpìlì Wat Umong ní ìsàlẹ̀ òkè kan náà, níbi tí a ti ń rìn nínú ihò tí wọ́n fi bíríkì kọ́ sábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi Wat Chedi Luang àárín ìlú tẹ̀ lé e. Orí chedi ńlá ibẹ̀ (ilé gogoro mímọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń kọ́) wó nígbà tí ilẹ̀ mì ní ọdún 1545, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ilé kékeré kan wà nínú ọgbà náà tí òpó ìlú, òpó tí wọ́n kà sí mímọ́, wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin kì í wọ ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síta gbangba.

Ní ti amọ̀nà, òfin Thailand sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì gbọ́dọ̀ ní káàdì ìwé àṣẹ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì dáhùn wọn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí ẹ lè ní i lọ́wọ́. Ṣé ó ní káàdì? Ṣé a ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé iṣẹ́ kankan lójú ọ̀nà? Aago mélòó ni a ó kúrò? Ìṣẹ́jú mélòó ni a ó lò ní abúlé? Ìbéèrè kejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù náà máa ń fún ẹni tí ó bá mú oníbàárà wá ní owó, ìdí nìyẹn tí ìrìn àjò tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú fi máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan yóò fi abúlé tí wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ sí lọ̀ yín, níbi tí a ti ń san owó ní géètì láti wo àwọn obìnrin ẹ̀yà Kayan tí ó fi òrùka idẹ sọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé náà sá ogun kúrò ní Myanmar ni, ètò náà sì sún mọ́ kí a máa fi ènìyàn ṣe ìran ju kí a ṣe wọ́n lálejò lọ. Èmi kì í lọ, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó lọ. Ọjà pọ̀ ní Doi Pui lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn Hmong ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ta ọjà tiwọn fúnra wọn.

Àyẹ̀wò: ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó yẹ kí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí fóònù yín, kí aago ìkúrò jẹ́ 6:00 òwúrọ̀ tàbí kí ó ṣáájú rẹ̀, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan má sì sí nínú ètò náà.

Ìpele 2: Gígun òkè

Tẹ́ḿpìlì náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí àárín ìlú. Bí amọ̀nà yín kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, songthaew pupa ni ẹ ó wọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n to bẹ́ǹṣì méjì sí lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn èrò ń kọjú sí ara wọn bí ti bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́. Àwọn tí ó ń lọ sórí òkè máa ń dúró de èrò lẹ́bàá ẹnubodè Chang Phuak àti níwájú yunifásítì Chiang Mai. Ní kùtùkùtù, èrò lè má tètè pé, nítorí náà ó sàn kí ẹ háyà odindi ọkọ̀ kan.

Ẹ dá iye owó àti wákàtí kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú rẹ̀: láti ìlú dé tẹ́ḿpìlì, dé Doi Pui, dé Wat Pha Lat, kí ó sì dá yín padà, títí di aago 12:00. Ẹ fún un ní apá kan, kí ẹ sì di èyí tó kù mú títí ẹ ó fi padà délé. Ẹni tí ó bá san gbogbo owó tán ní òwúrọ̀ lè dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí ó má bá ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́ḿbà ọkọ̀ náà pẹ̀lú, torí pupa ni gbogbo wọn, wọ́n sì jọra.

Ẹni tí òòyì ń kọ́ ni kí ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn máa ń mú òòyì náà le sí i, ẹni tí ó bá sì bì lójú ọ̀nà kò ní gbádùn tẹ́ḿpìlì.

Ìpele 3: Nínú tẹ́ḿpìlì Doi Suthep

Ọkọ̀ yóò já yín sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300, tí ejò ńlá aláràbarà méjì nà tì lọ́tùn-ún lósì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ọkọ̀ kékeré kan wà tí ń fà lórí irin, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tí ó bá fẹ̀sẹ̀ gùn ún ni kí ó máa sinmi, nítorí pé àtẹ̀gùn náà pọ̀, ibẹ̀ sì ga ju mítà 1,000 lọ sí ìpele òkun.

Àgbàlá méjì ni ẹ ó bá lókè. Ní ti ìta, a lè wọ bàtà. Ibẹ̀ ni ère erin funfun wà, èyí tí wọ́n sọ pé ó gbé ohun mímọ́ Búdà gun òkè yìí, tí ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó sì kú síbẹ̀, tí wọ́n sì torí bẹ́ẹ̀ kọ́ tẹ́ḿpìlì náà ní ọdún 1383. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí gbogbo ìlú Chiang Mai nísàlẹ̀. Àgbàlá ti inú ni chedi oníwúrà wà, bàtà kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kó o sínú àpò ọ̀rá yín, kí ẹ sì ṣí fìlà. Ìbòrí àwọn obìnrin Mùsùlùmí kò ní wàhálà kankan. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá igi ìloro. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Thailand máa ń yí chedi náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú òdòdó òṣíbàtà, àbẹ́là àti tùràrí lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń rìn lọ́nà tí chedi yóò fi wà lápá ọ̀tún wọn. Ẹ bá wọn rìn lọ́nà kan náà. Ẹni tí ó bá rìn ní ìdàkejì ń kọ lu àwọn tí ó ń gbàdúrà ni.

Ìbéèrè tí gbogbo ará ilé wa máa ń bi mí ni pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó bọ ère. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú yín kúnlẹ̀, tan àbẹ́là tàbí gba okùn funfun tí mọ́ńkì, ìyẹn ọkùnrin tí ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn Búdà, máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ àlejò. Ẹ lè jókòó sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì wò. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ níwájú àyà, tí wọ́n ń pè ní wai, ìkíni lásán ni. Bí àgbà bá ṣe é sí yín, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ṣe é sí mọ́ńkì, òun kò ní dá a padà, kì í sì í ṣe ìgbéraga, bí ìlànà wọn ṣe rí nìyẹn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù ni wọ̀nyí. Obìnrin kò gbọdọ̀ fara kan mọ́ńkì tàbí kí ó na nǹkan sí i ní tààrà. Bí ẹ̀yin obìnrin bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ tàbí kí ẹ fi rán ọkùnrin. Ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí ère Búdà tàbí mọ́ńkì wà. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí ère pẹ́kípẹ́kí láti fi ya fọ́tò, kí ẹ má sì gun orí ohunkóhun. Orí ẹnikẹ́ni, títí kan ti ọmọdé, kò ṣeé fọwọ́ kàn; ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé orí ẹni ni à bá bọ kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ní àwọn tẹ́ḿpìlì kan, ẹ ó rí àwọn tí ó ń ta ẹyẹ inú àgò kí ẹ lè tú u sílẹ̀ fún ẹ̀san rere. Ẹ má ṣe rà á, nítorí bí a bá ṣe ń rà á tó ni wọ́n ṣe ń mú òmíràn nínú igbó tó.

Bí ère Búdà bá wù yín rà lọ sílé, ẹ mọ̀ pé òfin kò gbà kí a gbé e jáde ní Thailand láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ ọnà. Ońdè kékeré tí ènìyàn so mọ́ ọrùn kò ní wàhálà.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá ṣe é dáadáa, àtẹ́lẹsẹ̀ yín yóò ṣì mọ̀ pé òkúta ilẹ̀ tutù nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ó bá ti ń ta yín lẹ́sẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ó yẹ kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ ní aago 8:15, nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀.

Ìpele 4: Abúlé Hmong ní Doi Pui

Ọ̀nà náà yóò gba iwájú ààfin Bhubing kọjá, lẹ́yìn náà yóò há, ìgbó á sì ṣú. Òtútù yóò pọ̀ sí i. Àsìkò yìí ni kí ẹ yọ ìborùn jáde. Nígbà tí ẹ bá dé ní nǹkan bí aago 8:45, àwọn ọlọ́jà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ká tapólì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ má ra ohunkóhun. Ìsọ̀ ni ó to ojú ọ̀nà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé òkè abúlé, ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rajà ní ìsọ̀ kìíní yóò ru ẹrù gun òkè, yóò sì rí ọjà kan náà ní ìsọ̀ kẹwàá. Ẹ kọjá gbogbo wọn tààrà lọ sí òpin ọ̀nà, níbi tí ọgbà òdòdó àti ilé kékeré kan wà tí wọ́n kó irinṣẹ́ àtijọ́ àti ohun èlò ópíọ́mù, oògùn olóró kan, sí. Àwọn Hmong ibí gbin ópíọ́mù nígbà kan rí. Ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí Ọba Bhumibol ti Thailand bẹ abúlé yìí wò, tí ó sì gbọ́ pé èso píìṣì ń mú owó wọlé bíi ti ópíọ́mù, ni ètò ọba bẹ̀rẹ̀ láti fi èso, ewébẹ̀ àti kọfí rọ́pò rẹ̀. Kọfí tí ẹ ó mu nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ wá láti inú ìtàn yẹn.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ méjì kí ẹ tó dé. Èdè Thai kọ́ ni èdè ilé wọn. Ìkíni wọn ni *nyob zoo*, ọpẹ́ sì ni *ua tsaug*. Ẹ má ṣe pe lẹ́tà tí ó kẹ́yìn *nyob* àti *tsaug*: èdè olóhùn ni Hmong bíi tiwa, lẹ́tà ìparí náà ni wọ́n fi ń ṣe àmì ohùn, níbi tí àwa ti ń fi àmì sórí fáwẹ́lì. *B* dúró fún ohùn òkè. Etí Yorùbá kì í pẹ́ gbá a mú, mo sì ti rí i tí ojú ìyá ọlọ́jà yí padà nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àbúrò mi pè bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ ni àwọn ilé wà. Ẹ má ṣe yọjú wọ ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé amọ̀nà ti béèrè fún yín. Bí ẹ bá rí ewé tútù tàbí àmì tí wọ́n fi ọparun hun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí pé wọ́n ń ṣe ètùtù, àlejò kò sì gbọdọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá gbà yín wọlé, ẹ ó rí pẹpẹ kékeré tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára ògiri. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni àwọn àlejò kì í mọ̀. Àwọn àgbà Hmong kì í fẹ́ kí àjèjì máa yin ọmọ jòjòló pé ó mà lẹ́wà o, pé ó mà sanra o, nítorí kí ẹ̀mí àìrí má baà gbọ́. Àwa tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ yẹ kí á tètè lóye èyí. Ẹ rẹ́rìn-ín sí ọmọ, ẹ kí ìyá rẹ̀, ó tó. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní owó tàbí súìtì: ọmọ tí ó bá ń rí owó lọ́wọ́ àlejò lójoojúmọ́ kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó lọ sí ilé ìwé. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, kí ẹ sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀ bí ó bá mi orí.

Nísinsìnyí, ẹ wá ẹni tí ó ń fi ìda ya ìlà sára aṣọ. Ẹ ní kí amọ̀nà wá a fún yín. Bí ẹ bá rí i, ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí, nítorí èyí gan-an ni mo ṣe gùn òkè náà padà. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju igi ọparun tín-ín-rín kan lọ, tí wọ́n fi abẹ́ idẹ pẹlẹbẹ bíi mélòó kan sí lẹ́nu. Ìkòkò ìda kékeré wà lórí eérú gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fi pẹ́ńsù ya ohunkóhun sílẹ̀: ó ká aṣọ náà, ó fi èékánná tẹ ibi tí ó ká, ojú ìká yẹn ni ó sì fi ṣe ìlà tí ọwọ́ rẹ̀ ń tọ̀. Ó ki abẹ́ bọ ìda, ó gbé e lé aṣọ, ó fà á ní ẹ̀ẹ̀kan, ìda náà sì dì kí ó tó gbé ọwọ́. Bí aṣọ bá kún tán, yóò lọ sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi omi gbígbóná yọ ìda náà kúrò, kí funfun lè jáde láàárín búlúù.

Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn yóò dúró síbẹ̀ pẹ́. Èrò kan náà ni: ohun tí a bò, aró kò ní mú un. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa fi ń bò ó, pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ. Ìda ni tiwọn, pẹ̀lú idẹ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lẹ́yìn aṣọ. Láfún dúró lójú aṣọ, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń jẹ́ búlúù ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Ìda gbígbóná wọ inú òwú lọ, nítorí náà ìlà funfun Hmong máa ń hàn lójú àti lẹ́yìn.

Èyí ni ẹ ó fi dá ojúlówó mọ̀ nígbà tí ẹ bá padà sí ìsọ̀. Púpọ̀ nínú aṣọ tí ó wà níwájú ni ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ yí aṣọ padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì bí aṣọ tí oòrùn pa, tí ojú rẹ̀ sì dán, ẹ̀rọ ni. Bí ìlà bá hàn kedere lójú méjèèjì, tí ó sì nípọn níbì kan tí ó tín-ín-rín níbì kejì, ọwọ́ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ fi àánsíkà funfun yẹn ra igun aṣọ náà díẹ̀. Aró gidi sábà máa ń fi búlúù díẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀ lára àdìrẹ tuntun. Ní ti aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ sí, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wò: kókó òwú àti ìfò tí kò dọ́gba jẹ́ ti ọwọ́, ẹ̀yìn tí ó dọ́gba jálẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ.

Ẹ lè ná ọjà tí ẹ̀rọ ṣe bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ná yẹ̀rì tí ẹnìkan fi ọ̀pọ̀ oṣù ya, tí ó pa láró, tí ó sì ṣẹ́ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, títí yóò fi dé iye aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí owó rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ yìn ín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì ra àpò kékeré tí wọ́n fi àjákù aṣọ bẹ́ẹ̀ rán.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní aago 10:30, ẹ bi ara yín bóyá ẹ bá ẹnìkan ṣoṣo, ó kéré tán, sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kì í ṣe iye owó. Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, kí ẹ jókòó, kí ẹ ní kí amọ̀nà ṣe ògbufọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń gbìn ní ọdún yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún un.

Ìpele 5: Wat Pha Lat àti ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ rán awakọ̀ létí Wat Pha Lat kí ẹ tó gbéra, nítorí pé ọ̀nà tí ó yà sí ibẹ̀ kéré, ó sì rọrùn láti ré kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó wà ní nǹkan bí agbede méjì òkè àti ìlú. Omi ń ṣàn gba orí àpáta dídagẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Àwọn ère tí ewédò ti bò wà lábẹ́ igi. Àpótí ọrẹ wà níbẹ̀.

Níbí, ohùn yín ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn mọ́ńkì àti àwọn tí ó wá ṣe àṣàrò ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá sì sọ sókè máa ń rìn jìnnà láàárín igbó. Ẹ pa fóònù mọ́ ẹnu. Ẹ má ṣe rìn lórí àpáta tí omi ti kọjá, ó ń yọ̀ gan-an, mo sì ti rí i tí ẹnìkan ṣubú níbẹ̀ nítorí fọ́tò. Bí ẹ bá rí okùn aṣọ olómi ọsàn lára igi, àmì ọ̀nà àwọn tí ó ń fẹsẹ̀ gòkè láti ìsàlẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí a ń já.

Ẹ dá ìró tí ẹ bá yá padà fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó kúrò ní ibikíbi. Púpọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀ mọ́ ìdí. Nígbà tí ẹ bá dé ìlú, ẹ san owó tó ṣẹ́kù fún awakọ̀, kí ẹ sì fi tirẹ̀ kún un fún amọ̀nà bí ó bá pa àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Ẹ ní kí ó júwe ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹ khao soi, ọbẹ̀ kọ́rì oníwàrà àgbọn tí a ń fi núdù jẹ, tí wọ́n tún wọ́n núdù díndín sójú rẹ̀. Kí aago 12:30 tó lù, ó yẹ kí abọ́ náà ti wà níwájú yín, kí aṣọ aláró yín sì wà nínú àpò lọ́tọ̀, kí ó má baà pa àwọn tó kù láró.